Irun tí Àǹtí Ruth Tú

Láàárọ̀, bí ẹ bá ń gba Crusher ní Lọ́kọ́ja kọjá, tí ẹ sì gbọ́ tí obìnrin kan ń bi ọmọ ọdún mẹ́ta léèrè bóyá ó sùn dáadáa, bóyá ewúrẹ́ ilé wọn ti bímọ, bóyá bàbá rẹ̀ ti ti ìrìn àjò dé, ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ruth Olúfúnṣọ́ ni. Àǹtí Ruth ni gbogbo ayé ń pè é: ọmọdé, òbí, àwọn oníkèké tó ń gbé ọmọ wá, àní Jacob ọkọ rẹ̀ pàápàá nígbà tó bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọmọ Mọ̀pà ni. Iṣẹ́ ìjọba ọkọ rẹ̀ ló gbé wọn dé Lọ́kọ́ja, òun náà sì ní òun á kàn kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi fúngbà díẹ̀ kí òun tó rí iṣẹ́ gidi. Iṣẹ́ gidi ọ̀hún kò dé. Nígbà tó pẹ́ títí, kò wá a mọ́. Àwọn tó ti nu imú fún nígbà kan ń gbé ọmọ tiwọn wá fún un báyìí, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì pẹ̀lú táì lọ́rùn, ojú á sì máa tì wọ́n díẹ̀, nítorí obìnrin yìí mọ ẹni tó ń tọ̀ sára nínú wọn.

Ó ní àṣà kan tí kì í fi ṣeré. Tó bá di àkókò àjádé, kò sí òbí tó máa mú ọmọ rẹ̀ lọ láìkọ́kọ́ gbọ́ ohun rere kan tí ọmọ náà ṣe lọ́jọ́ yẹn. Kì í parọ́ sí i o. Bí ọmọ kan bá gé ẹlòmíràn jẹ, ó máa wá nǹkan kan rí níbẹ̀ náà: "Ó bẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, kò dúró kí n tó sọ fún un." Ó ní ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ nínú ooru ìlú yìí, kò yẹ kó jẹ́ pé ẹjọ́ ọmọ ló máa kọ́kọ́ pàdé ní gèètì. Tó bá sì di pé táàmù ń parí lọ, ó ti dé ilé gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ nìyẹn. Ó mọ èyí tó ń gbọ́ Nupe nílé, tó ń gbọ́ Haúsá ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, tó wá ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu tòun. Ó mọ èyí tó ń bẹ̀rù òkùnkùn àti èyí tí kì í jẹun àfi kí wọ́n máa bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé ní àṣejù ni.

Kí n má parọ́, àṣejù wà níbẹ̀ díẹ̀. Ọwọ́ Àǹtí Ruth kì í lè gbé jẹ́ẹ́. Tó bá rí bọ́tìnì tó já, á rán an. Tó bá rí èékánná tó gùn, á gé e. Ó fẹ́ràn àwọn ọmọ yẹn débi pé ó máa ń gbàgbé nígbà mìíràn pé wọ́n ní ìyá.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Ìbùkún Àyàndélé wà ní kíláàsì rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Otokiti ni ilé wọn wà. Elisha bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Adéòkè ìyá rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ọmọ Ìyàrà ní Ìjùmú, obìnrin jẹ́jẹ́ tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Ọ̀kún o, mà," á kí i bí wọ́n ṣe ń kí nílé wọn, á gba ọmọ, á gbọ́ ohun rere ọjọ́ náà, á dúpẹ́, ó ti lọ nìyẹn. Ilé wọn nìkan ni Àǹtí Ruth kò tíì dé. Otokiti jìnnà sí i, orúnkún ń dùn ún, ó sì ń sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun máa lọ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn náà á dé, á tún ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà kan tí táàmù ti wọra, Ìbùkún kò wá sílé-ìwé fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó padà, wọ́n ti fi òwú dúdú kó irun rẹ̀, irun tó dúró ṣánṣán, tó dọ́gba, tí ẹni tó kó o mọ ohun tó ń ṣe. Àǹtí Ruth yìn ín lójú ìyá rẹ̀. Adéòkè wo ilẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Irun yẹn wà bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, irun kan náà ni. Òwú bẹ̀rẹ̀ sí í tú, irun tuntun hù lábẹ́ rẹ̀, eruku bò ó, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pè é ní ìtẹ́ ẹyẹ. Oṣù Ẹrẹ́nà wọlé pẹ̀lú ooru tí àwa ará Lọ́kọ́ja mọ̀, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdí pẹ́ńsù họ orí.

"Ìbùkún, kí ló dé?"

"Ó ń yún mi, Àǹtí."

"Ṣé o ti sọ fún mọ́mì?"

Ìbùkún mi orí pé rárá, ó sì sáré lọ ṣeré.

Àǹtí Ruth rò ó wò. Obìnrin tó ń dá gbé ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀, tó ń jáde kùtùkùtù, tó ń wọlé pẹ̀lú àárẹ̀, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè jókòó ti irun? Ẹ jẹ́ kí n ràn án lọ́wọ́, ó sọ fún ara rẹ̀. Inú rere ló wà lẹ́yìn rẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí, nítorí inú rere yìí náà ló kó bá a.

Ní àkókò ìsinmi, ó gbé ọmọ náà sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mú sísọ́ọ̀sì. Nímátù, ọmọbìnrin ará Kpata tó ń ràn án lọ́wọ́ ní kíláàsì, dúró tì í.

"Haba, Àǹtí. Ṣé a ò ní kọ́kọ́ pe mọ́mì rẹ̀?"

"Ká pè é pé kí ló ṣẹlẹ̀? Jẹ́ kó rí i, kí inú rẹ̀ dùn."

Nímátù dákẹ́, nítorí ọmọdé ni, ó sì bọ̀wọ̀ fún un. Àǹtí Ruth gé òwú, ó tú u, ó fi omi tútù fọ orí ọmọ náà, ó fi òróró àgbọn pa á. Ìbùkún di ojú bí ẹni tí wọ́n ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí. Ó wá di ṣùkú fún un, èyí tó mọ́, tó sì yẹ ojú kékeré yẹn. Nígbà tó ṣe tán, ó kó irun tó já àti òwú tó gé jọ pátá, ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé-ìwé, ó dáná sun ún. Ẹ ò ní rí obìnrin wa kan tí wọ́n tọ́ dáadáa tó máa fi irun orí ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ kí atẹ́gùn máa gbé e kiri, kí ẹni ibi fi ṣe ohun tí kò yẹ. Ó dúró títí ó fi jóná tán, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ eérú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Adéòkè dé ní àjádé. Ìbùkún sáré jáde, ó ń yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ìyá rẹ̀ lè rí i. Adéòkè dúró. Báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló tú irun yìí?"

"Èmi ni o," ni Àǹtí Ruth wí, ẹ̀rín ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ wo bó ṣe yẹ ẹ́!"

"Òwú rẹ̀ dà?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá Ìbùkún. Gbogbo rẹ̀ ni mo kó jọ. Èmi fúnra mi ni mo dáná sun ún, ẹyọ kan kò bọ́ sílẹ̀."

Adéòkè lóṣòó síwájú ọmọ rẹ̀. Ó fi ìka kan ṣùkú náà, ó tún mú ìka rẹ̀ kúrò. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ga rárá.

"Màámá mi ló kó o. Àárọ̀ ọjọ́ tí a gbé wọn lọ sí ọsibítù ni wọ́n kó o, wọ́n ní àwọn ò lè fi orí ọmọ àwọn sílẹ̀ báyẹn. Wọn ò padà wálé mọ́. Àǹtí, ohun tí ọwọ́ wọn ṣe gbẹ̀yìn nìyẹn."

Ó gbé ọmọ pọ̀n lójú ọ̀nà, pẹ̀lú aṣọ ọ́fíìsì lọ́rùn rẹ̀, ó sì wọ kèké lọ. Nímátù ló sáré mú báàgì lé e.

Ojú ti Àǹtí Ruth. Ìtìjú gidi ni, kì í ṣe èyí tí èèyàn máa ń fi ẹ̀rín bò. Ó rántí gbogbo ọjọ́ tó ti ń kí obìnrin yẹn ní gèètì: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ooru, ẹ kú ìrìn. Ẹni tó yẹ kó máa kí pé ẹ kú àṣẹ̀yìndè! Òun tó ń yangàn pé òun mọ ilé gbogbo ọmọ, ikú wọ ilé Ìbùkún, ó jáde, òun kò mọ̀. Ìyá náà kò sọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló béèrè?

Ìbùkún kò wá lọ́jọ́ kejì. Kò wá lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ sì ti jáde sí gèètì, ẹ mọ bí gèètì ilé-ìwé ṣe ń rí. Wọ́n ní tíṣà kan gé irun ọmọ, ó sì lọ sun ún lẹ́yìn ilé. Kí ló fẹ́ fi irun ṣe? Àwọn òbí kan tí Àǹtí Ruth ti kọ́ ọmọ wọn láti àkọ́bí dé ìkẹta bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wo orí ọmọ kí wọ́n tó lọ. Ìyẹn dùn ún, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló dùn ún jù. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá ilé-ìwé pè é, ó ní ìyá Ìbùkún ti tẹ òun láago, pé ó ń wá ilé-ìwé mìíràn fún ọmọ rẹ̀. Ó ní kí Àǹtí Ruth má ṣe lọ síbẹ̀ o, kó má lọ dá kún un. Àǹtí Ruth ní, "Mo ti gbọ́, mà." Ó délé, kò lè jẹun.

Jacob ń bó ọsàn lẹ́yìn ilé. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá sí i.

"Mo fẹ́ lọ bá wọn," ni Àǹtí Ruth wí.

"Kí lo fẹ́ lọ sọ?"

"Pé mi ò mọ̀."

"Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Àwíjàre nìyẹn." Jacob gé ọsàn sí méjì, ó na ààbọ̀ sí i. "Tó o bá débẹ̀, má sọ pé o ò mọ̀. Béèrè irú ẹni tí ìyá yẹn jẹ́."

Ó gba ọsàn náà. Ohun kan ṣì wà tí kò sọ fún Jacob, tó sì pinnu pé òun kò ní sọ fún Adéòkè náà: pé orí ń yún ọmọ yẹn, tó ń fi pẹ́ńsù họ ọ́. Òótọ́ tó lè gbà á sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń wo ojú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, kó sọ fún un pé kò rí ohun tó ń ṣe ọmọ rẹ̀? Ó kúkú gbà kí wọ́n máa bínú sí òun.

Ní ọ̀sán Sátidé, ó wọ kèké lọ sí Otokiti, ó béèrè ilé lọ́wọ́ àwọn tó ń ta káàdì. Ìbùkún ló kọ́kọ́ rí i. Ó ń fomi ṣeré lẹ́bàá táǹkì.

"Àǹtí mi!"

Ó sáré wá, ó fi ọwọ́ tútù dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ṣùkú yẹn ṣì wà lórí rẹ̀. Àǹtí Ruth kò mọ̀ bóyá àmì rere ni, tàbí ìyá rẹ̀ kò kàn lágbára láti fọwọ́ kàn án.

Adéòkè jáde sí bàràńdà. "Ọ̀kún o, mà," ó wí, nítorí ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n kò ní kó wọlé.

Àǹtí Ruth kúnlẹ̀. Orí sìmẹ́ńtì tí oòrùn ti pa níbẹ̀ ni obìnrin tó tó ìyá bí Adéòkè kúnlẹ̀ sí.

"Ẹ dìde, mà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi."

"Màmá Ìbùkún, mo ṣẹ̀ yín. Irun yẹn kì í ṣe tèmi, mo tú u. Òwú yẹn kì í ṣe tèmi, mo sun ún. Mi ò béèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ó ti pẹ́ tó yẹ kí n wá kí yín."

Adéòkè fà á dìde. Ó gbé àga fún un, òun náà jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Iná kò sí, ilé gbóná, bàràńdà ló sàn. Elisha kò tíì ti Àbújá dé. Ìbùkún wá fara ti itan Àǹtí rẹ̀.

"Irú èèyàn wo ni Màámá?" ni Àǹtí Ruth béèrè.

Ó dà bíi pé ẹnikẹ́ni kò tíì bi Adéòkè ní ìbéèrè yẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti sìnkú. Àwọn èèyàn ti wá, wọ́n ti gbàdúrà, wọ́n ti ní kó mọ́kàn, wọ́n ti lọ. Ó kọ́kọ́ ní èèyàn dáadáa ni wọ́n, bí gbogbo wa ṣe ń sọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ wá tú jáde. Ó ní wọ́n wá láti Ìyàrà kí wọ́n lè wẹ Ìbùkún nígbà tí wọ́n bí i, wọn ò sì lọ mọ́, wọ́n ní Ìyàrà ti dákẹ́ jù. Bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ wọ́n ń bú ooru Lọ́kọ́ja! Wọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ omi nínú báàfù, wọ́n á máa bá ẹni tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n jiyàn. "Ìyá mi" ni wọ́n ń pe Ìbùkún. Tó bá sì di Sátidé, àwọn ni wọ́n ń ṣe irun gbogbo ilé ní bàràńdà yìí.

"Ọwọ́ wọn le, Àǹtí! Tẹ́ ẹ bá ń sunkún, wọ́n á ní kẹ́ ẹ kúkú sun ún dáadáa, kí àwọn aládùúgbò lè gbọ́."

Àǹtí Ruth rẹ́rìn-ín. Adéòkè náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì já sí ẹkún lẹ́nu rẹ̀.

"Láti ọjọ́ yẹn, tí Ìbùkún bá ti sùn, mo máa ń fọwọ́ sínú irun yẹn. Ó máa ń ṣe mí bíi pé ọwọ́ wọn ni mo dì mú. Mo mọ̀ pé ó ti dọ̀tí, mà. Mo mọ̀. Mo kàn ń sọ pé ó di ọ̀la."

"Ó ń yún mi," ni Ìbùkún wí.

Ìyá rẹ̀ wò ó. "Kí ló ń yún ọ?"

"Orí mi. Ó ń yún mi gan-an nígbà yẹn. Mo sọ fún Àǹtí."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Ìbùkún wo Àǹtí rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ó wá fi ojú pamọ́ sí itan Àǹtí. "Tí n bá fọwọ́ kan orí mi, ẹ máa ń sunkún."

Adéòkè gbójú sókè sí Àǹtí Ruth.

"Ẹ mọ̀, mà. Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ ọ́ nígbà tí mo bínú sí yín."

"Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń bá yín wí," ni Àǹtí Ruth dáhùn. "Ẹ ti ní èyí tó tó yín."

Adéòkè na ọwọ́, ọmọ rẹ̀ sì lọ bá a. Ó gbé e lé itan, ó gbé àgbọ̀n lé ṣùkú náà, ó mì í díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ ọwọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ìbùkún ní òun ò bínú, ó sì béèrè bóyá ó ṣì ku bisikíìtì. Ó wọlé lọ wá a.

Adéòkè wá na ọwọ́ sẹ́yìn ọrùn, ó tú ṣíkáàfù orí rẹ̀. Òwú dúdú ni wọ́n fi kó irun rẹ̀, ó ti tú, ó ti lẹ̀ mọ́ra, irun tuntun ti hù lábẹ́ rẹ̀.

"Àárọ̀ kan náà ni wọ́n kó tiwa," ó wí. "Àǹtí, tèmi náà ń yún mi."

Omi lé sí ojú Àǹtí Ruth. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ lọ síbẹ̀, ó dì í mú.

"Ṣé kí n bá yín tú u?"

Adéòkè mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó lọ mú sísọ́ọ̀sì àti àwo kékeré kan wá, ó sì wá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ Àǹtí Ruth, ó kẹ̀yìn sí i. Àǹtí Ruth bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Ó ń gé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń fa òwú náà yọ, ó sì ń nà án kọjá èjìká Adéòkè fi lé e lọ́wọ́. Adéòkè á mú un dání díẹ̀, á wá gbé e sínú àwo. Ìbùkún ń jẹ bisikíìtì, ó ń wò wọ́n. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ Màámá, wọ́n ń dákẹ́, wọ́n tún ń sọ ọ́. Oòrùn ti ń kúrò lójú bàràńdà nígbà tó fi ku ẹyọ kan ní ìpàkọ́.

Adéòkè gbé ọwọ́ sẹ́yìn, ó di ọwọ́ tó mú sísọ́ọ̀sì mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ fi èyí sílẹ̀ fún mi."

"Ó di ìgbà wo, ọmọ mi?"

"Ó di Mọ́ńdè. Tí mo bá gbé Ìbùkún wá."

Àǹtí Ruth gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.